Abẹ́rẹ́ Ìkòkò Kẹta

Láti Daagbé títí dé Àjàṣẹ́, kò sí ọkùnrin tó mọ ooru bí Fádípẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ní láti gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ kí wọ́n tó mọ̀ pé ibà ń ṣe é. Ti Fádípẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé omi tó wà lórí iná ku ìṣẹ́jú méjì kó hó, bí ìyàwó bá sì kà á, ìṣẹ́jú méjì náà ni. Ó ti dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró rí lójú títì, ó ní kí awakọ̀ má wa ọkọ̀ náà lọ mọ́, pé ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́ jóná. Awakọ̀ bi í bóyá òun ló bí ọkọ̀ náà. Kò tíì dé Banigbé tí èéfín fi bo iwájú ọkọ̀ mọ́ ọn lójú.

Cyprien ni orúkọ tí àwọn fadá fún un, Fádípẹ̀ ni ti ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo Ifangni ń pè é. Àlejò tó bá gbọ́ orúkọ yẹn a máa ká ṣòkòtò tó ya lọ́wọ́ wá sílé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kì í rán aṣọ.

Ilé-iṣẹ́ epo kan wà nígbà náà lójú ọ̀nà Banigbé, Usine ni wọ́n ń pè é. Ìkòkò irin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju ilé lọ, inú wọn ni wọ́n ti ń se ẹyìn kí wọ́n tó fún epo rẹ̀. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè yọjú wo inú ìkòkò tó ń hó. Nítorí náà, àwọn òyìnbó tó kọ́ Usine fi ìka irin kan bọ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Inú ìka yìí ni wáyà méjì wà, irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, iná ni wọ́n fi jó orí wọn pọ̀. Bí ooru bá kan orí méjèèjì níbi tí wọ́n ti so pọ̀, wọn a bí iná kékeré kan láàárín ara wọn, iná tí kò tó èyí tí tanátaná gbé sídìí. Iná yẹn á rìn nínú wáyà títí dé yàrá kan tó wà lókèèrè, níbi tí aago mẹ́fà ti wà lára ògiri, á sì ti abẹ́rẹ́ aago síwájú. Bí ìkòkò bá ti gbóná tó ni abẹ́rẹ́ ń lọ tó. Òyìnbó ní orúkọ gígùn tó ń pe wáyà méjèèjì yìí. Fádípẹ̀ ń pè wọ́n ní ìbejì, orúkọ yẹn ló sì ràn wọ́n.

Yàrá aago yìí ni Fádípẹ̀ ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́ta péré ló lò nílé ìwé. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí rédíò. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nígbà tí Révolution, ìyípadà ìjọba, dé, tí àwọn òyìnbó Usine ń di ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn fi ìdajì ọjọ́ kan ṣàlàyé aago fún un, ìdajì ọjọ́ náà sì pọ̀ jù, torí pé ìgbà tí oòrùn fi máa kàn tàrí ni Fádípẹ̀ ti ń ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ohun kan ṣoṣo ló rò pé òun ì bá má mọ̀ bí kò bá sọ ọ́. Òyìnbó náà ní, bí wáyà bá já, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á fò lọ sí òpin aago, níbi tí wọ́n kọ igba sí, á dúró síbẹ̀. Igbe tó ń ké nìyẹn, kí ènìyàn má bàa gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá fara kan ohun tí kò yẹ kó fara kàn, irọ́ ni á máa pa, irọ́ jẹ́jẹ́ tó jọ òtítọ́.

“Èyí tó ń ké kì í ṣe nǹkan,” ni òyìnbó náà wí. “Èyí tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni kí o bẹ̀rù.”

Honoré ni ọ̀rẹ́ Fádípẹ̀ ní Usine. Òun ló ń tọ́jú ìkòkò kẹta, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó máa ń kọrin ìsìn bó bá ń gun àkàbà irin tó wà lára ìkòkò náà. Lọ́dún tí àwọn jagunjagun àjèjì já bọ́ sí Kútọnu, ní àsìkò òjò àrọ̀kúrò, Honoré wá sí yàrá aago, ó na ọwọ́ rẹ̀ han Fádípẹ̀. Ó ní ìkòkò náà ń ta òun. Bí òun bá ti di àkàbà mú láàárọ̀, á dà bíi pé ìjàlọ ló bo àtẹ́lẹwọ́ òun, bó bá sì yá, kò ní sí nǹkan kan mọ́.

Fádípẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé kí ló ṣe fún ìkòkò tó ń ta á. Lẹ́yìn náà ó fún un ní ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni ní Ifangni ì bá fún un. Bí ilé tuntun bá ń dẹ́rù bani, omi tútù ni à ń dà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń fi ojoojúmọ́ bàjẹ́, omi tútù ni à ń dà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó bá gbóná sí ènìyàn, a kì í bá a jà, omi la fi ń bẹ̀ ẹ́.

“Máa da igbá omi kan sí ìdí rẹ̀ láràárọ̀,” ni Fádípẹ̀ wí. “Á rọ̀.”

Honoré dà á fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, tó jẹ́ ọjọ́bọ̀, wọ́n bá a ní ìdí ìkòkò kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nínú ẹrẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún dì mọ́ àkàbà gírígírí bí ẹni tó ń dágbére tí kò fẹ́ lọ. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Odile, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré ìlú, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ ló dúró. Kí ló dá ọkàn dúró, ìyẹn ni Odile kò mọ̀.

Wọ́n sin Honoré. Ẹyìn ti ń dín kù lásìkò náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ ìkòkò kẹta, wọ́n bá gbọ̀n ọ́n dà nù, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tì í. Òtútù wọ inú irin náà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí agogo tó lu méje, Véronique, ìyàwó Honoré, á gbé igbá omi wá. Òun náà ń bẹ nínú àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn lágbàlá Usine. Ìyá Àrìnpé ni wọ́n ń pè é. Á bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, á da omi náà sí ibi tí ọkọ rẹ̀ ṣubú sí, kí ilẹ̀ lè tù ú lára, á wọ bàtà rẹ̀ padà, á lọ sídìí iṣẹ́. Kò sí ẹni tó bá a wí. Bí a ti ń ṣe é fún ẹni tó bá kú ikú òjijì nìyẹn.

Ọyẹ́ dé. Ilẹ̀ gbẹ, ó là. Eruku funfun bo orí ọ̀pẹ, oòrùn kò ní agbára ju ti òṣùpá lọ, gbogbo ètè ló bó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ yìí, Fádípẹ̀ gbójú sókè nínú yàrá aago, ó rí i pé abẹ́rẹ́ ìkòkò kẹta ń rìn.

Orí méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà tẹ́lẹ̀, bó ti yẹ kí irin tó tutù wà. Ó kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dìde lórí ibùsùn àìsàn. Ó dé ọgbọ̀n. Ó dé márùndínlógójì. Ó dúró lórí mẹ́tàdínlógójì, kò lọ síwájú mọ́. Fádípẹ̀ wo ojú fèrèsé. Véronique ló ń wọ bàtà rẹ̀ padà ní ìdí ìkòkò, igbá òfìfo wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí abẹ́rẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ilẹ̀ ti ń fa omi náà mu.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kẹta. Fádípẹ̀ tí kì í ṣe ẹlẹ́nu jíjò kò mọ ìgbà tó sọ ọ́ jáde. Ó lọ bi Odile bí ẹni tó ń bèèrè nǹkan mìíràn, pé kí ni ohun tó máa ń gbóná dé mẹ́tàdínlógójì gan-an tí kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Odile ní ṣé bàbá ń dán òun wò ni. Ó ní ènìyàn ni. Ènìyàn tó wà láàyè, tára rẹ̀ dá.

Láti ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí wọ́n má bàa gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kẹta. Ọ̀kan nínú wọn ní òun gbé etí sún mọ́ ọn, òun sì gbọ́ ìró nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń kùn orin láìla ẹnu. Wọ́n ń fi Fádípẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ojú wọn.

“Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ bá wa kí Honoré o. Ẹ ní fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.”

“Gbé e lọ fún un,” ni Fádípẹ̀ dáhùn. “Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn.”

Kò sí ẹni tó gbé fìlà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Augustin, olórí ìgbìmọ̀ Révolution ní Usine. Olùkọ́ ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀, ọmọ bíbí Ifangni ni, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Ó pe Fádípẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ó rán an létí pé ìjọba ti ní kí a sin gbogbo ìgbàgbọ́ àtijọ́. Ó rán an létí pẹ̀lú pé ọ̀tá wà níta, ọ̀tá sì wà nílé.

“Òkú kò sí nínú Révolution, bàbá,” ni Augustin wí. “Bon. Bí kì í bá ṣe òkú ló ń gbé abẹ́rẹ́ yẹn sókè, a jẹ́ pé alààyè ni. Ta ni?”

Fádípẹ̀ ní kí camarade Augustin fún òun di ọjọ́ ajé. Ohun tó mú un dá ọjọ́ ajé kì í ṣe ìbẹ̀rù Augustin. Véronique ti wá bá a ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó da omi tirẹ̀ tán, ó sì yára wá sí yàrá aago láìkan ilẹ̀kùn. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti dà bí ọrùn lékeléke. Ó ní kí Fádípẹ̀ fi ti ọkọ òun hàn òun. Fádípẹ̀ tọ́ka sí aago kẹta. Obìnrin náà dúró níwájú rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti mẹ́tàdínlógójì.

“Ó ń lọ,” ni ó wí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó ń lọ.”

Fádípẹ̀ ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó ní ọjọ́ ajé ni yóò pé ogójì ọjọ́, òkú kì í sì í dúró kọjá ogójì ọjọ́, ìgbà yẹn ló máa ń kọ ẹ̀yìn sí ilé pátápátá. Ó ní òun ń da omi sílẹ̀ láràárọ̀, Honoré sì ń dáhùn láràárọ̀, ṣùgbọ́n òun kò tíì jẹ́ kó mọ̀ pé òun gbọ́.

“Lọ́jọ́ ajé, garawa kan kíkún ni màá dà fún un,” ni Véronique wí. “Màá sì fi ọwọ́ mi méjèèjì di ìkòkò náà mú. Kó kúrò pẹ̀lú ọwọ́ mi lára rẹ̀.”

Kò sí ohun tí Fádípẹ̀ lè tọ́ka sí pé ó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Síbẹ̀ òógùn bò ó láàárín ọyẹ́. Ẹni tó di ìkòkò náà mú gbẹ̀yìn, wọ́n ní láti tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ àbámẹ́ta ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá wáyà já. Ó tú wáyà kan kúrò lẹ́yìn aago kẹta. Abẹ́rẹ́ fò lọ síbi igba, ó gbá òpin aago, ó dúró síbẹ̀. Ó dá wáyà padà. Abẹ́rẹ́ padà sí méjìdínlọ́gbọ̀n. Wáyà kò já. Ìbejì wà láàyè, kì í ṣe igbe ló ń ké. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ.

Ó gbé mítà kékeré tó fi ń tún rédíò ṣe, ó wọ bàtà táyà rẹ̀, ó gun àkàbà ìkòkò kẹta. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró lókèèrè, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wọ inú ibojì. Lóòótọ́, bí ó ti ń gòkè ló gbọ́ ìró tí wọ́n wí yẹn, ó ń kùn nínú irin, ó sì ń wọ egungun ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò dúró gbọ́ ọ. Ó ṣí orí ìka irin. Àwọn òyìnbó ti sín ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ funfun sí ara wáyà méjèèjì, bí a ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọbìnrin, kí wáyà má bàa fara kan irin. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ti fọ́ nínú wọn. Wáyà ti fara ti ara ìkòkò, mítà náà sì jẹ́rìí sí i.

Fádípẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan, ó ń to ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń to igi ìdáná. Wáyà fara kan ìkòkò. Ìkòkò ní okùn bàbà kan tó so ó mọ́ ọ̀pá tí wọ́n gbá wọ inú ilẹ̀, ní ìdí rẹ̀ gan-an, níbi tí Véronique ń da omi sí. A jẹ́ pé kì í ṣe inú ìkòkò ni ohun tí abẹ́rẹ́ ń gbọ́ ti ń wá. Láti inú ilẹ̀ ni.

Ìrònú yẹn kò tù ú nínú rárá. Inú ilẹ̀ ni Honoré wà.

Ní ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ó wọ Usine lọ lóun nìkan. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán ni, ojú ọjọ́ funfun bí ẹ̀kọ. Àwọn ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró, wọn kò ní òjìji. Fádípẹ̀ pọn garawa omi kan, ó dà á sí ìdí ìkòkò kẹta, gbogbo rẹ̀ pátá, ó sì sáré lọ sí yàrá aago.

Abẹ́rẹ́ wà lórí méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ó dúró. Ó jókòó. Ó gbọ́ irin tó ń ká ara rẹ̀ jọ níta, ó ń dún kọ́, kọ́. Abẹ́rẹ́ kò mira. Nígbà tó pẹ́, Fádípẹ̀, ọkùnrin tí òyìnbó fi ìmọ̀ sílẹ̀ fún, la ẹnu rẹ̀, ó pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá òfìfo. Kò sí èsì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á látẹ̀yìnwá wá di ẹ̀rù gidi. Omi kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Omi ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn.

Kò sùn dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ ajé, ó ti wà nídìí aago kí agogo tó lu méje, ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ kẹta bí ológbò níwájú ihò. Ní agogo méje, bíi ti ojoojúmọ́, wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sí ìkòkò kẹrin. Ẹ̀rọ náà hó. Abẹ́rẹ́ ìkòkò kẹta ta gbọ̀n, ó kúrò lórí méjìdínlọ́gbọ̀n, ó dúró sórí mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Véronique kò tíì dé. Kò sí ẹni tó da omi sílẹ̀ láàárọ̀ náà. Omi àná nìkan, ìyókù omi àná tí ọyẹ́ kò tíì fà tán, ló wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ hó.

Fádípẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi nìkan kò tó. Àná ti jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rọ nìkan kò tó. Gbogbo ọ̀sán ni ẹ̀rọ fi ń hó nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, abẹ́rẹ́ kì í sì í mira. Àfi kí àwọn méjèèjì pàdé. Wáyà iná tó ń bọ́ ẹ̀rọ ìkòkò kẹrin, ẹ̀yìn ìkòkò kẹta ló gbà kọjá. Iná mànàmáná ti ń jò sára ìkòkò náà, ó ń wá ọ̀nà wọ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, kò rí ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá tutù, ó rí i. Bí ènìyàn bá sì dúró sórí ilẹ̀ tútù náà láìwọ bàtà, tó na ọwọ́ kan ìkòkò, ara ẹni náà ni yóò gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ Honoré àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dún létí rẹ̀: Ìkòkò yẹn ń ta mí. Máa da igbá omi kan sí ìdí rẹ̀ láràárọ̀.

Ó gbójú sí fèrèsé. Véronique ti dé ìdí ìkòkò. Garawa rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹrẹ̀, ó ti ń gbé ọwọ́ sókè.

Àwọn tó rí Fádípẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ pé kò gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n ní fèrèsé ló gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrèsé náà ní irin. Ohun tó dájú ni pé ó dé ibẹ̀. Ó gbá aṣọ opó mú lẹ́yìn, ohun tí ọkùnrin kì í ṣe, ó fà á sẹ́yìn títí àwọn méjèèjì fi jókòó sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn dìde. Ọwọ́ Véronique kò tíì kan irin.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀,” ni ó wí. Kò pariwo. “Ẹ̀yin náà kò fẹ́ kí n rí i?”

“Ẹ ó rí i, Ìyá Àrìnpé. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.”

Ó yọ gílóòbù kékeré kan nínú àpò, èyí tó fi ń dán iná wò, wáyà méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ó ki orí wáyà kan bọ inú ẹrẹ̀. Ó fi ìkejì kan àkàbà ìkòkò. Gílóòbù náà pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, lẹ́yìn náà ó tàn. Ó tàn lójúmọmọ, níwájú gbogbo ènìyàn, lára ìkòkò tí kò ní nǹkan nínú. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Fádípẹ̀ ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ ìkòkò kẹrin. Wọ́n pa á, gílóòbù kú. Ó ní kí wọ́n tan án. Gílóòbù là.

Augustin ti dé, ó ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn ìkòkò kẹta. Wáyà iná náà ti fi ọdún púpọ̀ gba epo pupa sára, rọ́bà rẹ̀ ti ń ta sánsán bí ọbẹ̀, àwọn eku sì ti jẹ ẹ́ dé ìhòòhò, ibi tí wọ́n jẹ náà fara ti irin. Augustin wò ó pẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti mọ ọ̀tá. Ẹnì kan bèèrè bóyá wọn yóò kó àwọn eku náà lọ sí Àjàṣẹ́ fún ìbéèrè. Augustin rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó ti gba ipò.

Véronique kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì jókòó sílẹ̀, ó ń wo gílóòbù tó kú lọ́wọ́ Fádípẹ̀.

“Kì í ṣe òun nígbà náà,” ni ó wí.

“Kì í ṣe òun.”

“Ohun tí mò ń bu omi fún láràárọ̀…”

“Ohun tó pa á ni.”

Ó ronú sí i. Ó nu ẹrẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó nù ún kúrò ní ìkejì. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí Fádípẹ̀ ti mọ̀ láti ìgbà tó ti wà lójú fèrèsé pé yóò bèèrè. Ó ní Honoré kì í da omi sí ìdí ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó kú, ó ń gbé igbá kúrò nílé láràárọ̀, òun sì bi í, ó kàn rẹ́rìn-ín.

“Ta ló ní kó máa dà á?”

Àwọn méjì péré ló wà níbi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan sì ti kú. Kò sí mítà tó lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wò. Fádípẹ̀ wo ìkòkò, ó wo ilẹ̀.

“Èmi ni,” ni ó wí.

Véronique dìde. Omi díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ garawa rẹ̀. Ó gbé e, ó rìn wá síwájú Fádípẹ̀, ó da omi náà sílẹ̀ ní iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, títí ó fi tán. A máa ń da omi bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ọ̀nà ewu dé. A sì máa ń dà á bẹ́ẹ̀ fún òkú. Kò sọ èyí tó ṣe nínú méjèèjì. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ sídìí ẹyìn.

Fádípẹ̀ pààrọ̀ wáyà iná náà, ó gbé e gba òkè, níbi tí eku kò lè dé. Ó sín ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ tuntun sí ara ìbejì ìkòkò kẹta, ó fi mítà wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó gbá ọ̀pá bàbà mìíràn wọ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá táyà àlòkù, ó fi ọ̀sẹ̀ kan gé bàtà fún gbogbo ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣiṣẹ́ ní Usine. Ọgọ́ta bàtà ló gé, àwọn kan ní ọgọ́rùn-ún. Ó gbé ti Véronique sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìtúnṣe náà, ẹ̀rọ hó ní agogo méje. Abẹ́rẹ́ ìkòkò kẹta dúró lórí méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni Fádípẹ̀ rí i pé òun ti na ọrùn síwájú lórí àga, pé òun ń retí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Véronique wọlé láìkí i, ó dúró níwájú aago kẹta, ó dúró pẹ́ tó ìgbà tí ilẹ̀ fi ń fa igbá omi kan mu.

“Kò sọ nǹkan?”

“Kò sọ nǹkan.”

Ó jáde. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó bèèrè ohun kan náà, ó wá lọ́jọ́ kẹta. Fún ọjọ́ méje, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wọlé, Fádípẹ̀ kì í sì í gbọ́ ọ bó ti ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì. Ní ọjọ́ kẹjọ ó gbọ́ ìró kan tó wúwo lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fà ṣàà, ṣàà, ó yí ojú padà. Obìnrin náà ti dúró níwájú aago. Bàtà táyà ló wọ̀.

“Ó dákẹ́?” ni Véronique wí.

“Ó dákẹ́, Ìyá Àrìnpé.”

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, ó sì lọ.